Bí mo ṣe tú nọ́ọ̀tì flywheel Ìjàpá ní Àkúrẹ́

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, 36 mm, ló de flywheel (àwo irin wíwúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) mọ́ ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá, ó sì fún pinpin. Àwọn mẹkáníìkì tí mo bá fẹ́ fi òòlù gbá a. Mo ní ẹ má dán an wò. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún tírélà ṣe ni mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì yá. Wẹ́dà lu ihò méjì sára angle iron, mo fi bóòtù kílọ́ọ̀ṣì dè é mọ́ flywheel kó má baà yí. Mo ki páìpù bọ ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dún kàù, ó tú.

Dídè é padà ló gba ọgbọ́n. Nǹkan bíi 343 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ló ń fẹ́, sípánà tó ń ka agbára ò sì sí nítòsí. Mo na páìpù ní mítà kan gbọọrọ, mo so kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 àti ti lítà 10 kọ́ ìdí rẹ̀: kílò 35 nìyẹn, tó bá fà á ní mítà kan, 343 Nm náà ló jẹ́. Nígbà tí páìpù ò wálẹ̀ mọ́, mo tú kẹ́ẹ̀gì.