Fífi virtual printer tọ́jú ìwé ilé iṣẹ́

Ẹni tó ń ra kaṣú ní Kábà tàbí tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìsánlú mọ ohun tí ikán àti òjò ń fi ìwé ṣe. Síbẹ̀, òfin kọ́ńpìnnì ti 2020, CAMA, ní kí kọ́ńpìnnì tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Lójú ètò tí ẹ fi ń ṣe rìsíìtì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni virtual printer. Ṣùgbọ́n dípò bébà, fáìlì PDF ló ń gbé jáde. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà kì í di àwòrán bíi ti ìwé tí a yà ní fọ́tò. Ẹ tẹ orúkọ oníbàárà, kọ̀ǹpútà á wá a rí.

Windows 10 àti 11 ti ní ọ̀kan nínú: Microsoft Print to PDF. Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ tẹ Ctrl+P, ẹ yan orúkọ yẹn, ẹ rí i pé A4 ni ìwọ̀n bébà, kó má jẹ́ Letter, kí ẹ wá tẹ Print. Á béèrè orúkọ fáìlì.

Ibi orúkọ yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn: 2025-03-14_risiti_0087. Bí ọjọ́ bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà á kó ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù jọ sójú kan. Windows kì í gba àmì / tàbí : nínú orúkọ, nítorí náà INV/0087 á di INV-0087. Ẹ kọ ìlànà yìí lẹ̀ mọ́ ògiri kí gbogbo akọ̀wé máa lo ẹyọ kan ṣoṣo. Fóldà ọdún, fóldà oṣù nínú rẹ̀, ó tó.

Bí rìsíìtì bá pọ̀ lójúmọ́, títẹ orúkọ á sú akọ̀wé. PDFCreator, virtual printer mìíràn tí ẹ máa fi sórí kọ̀ǹpútà fúnra yín, lè fi déètì sí i fúnra rẹ̀, ó sì lè ṣe PDF/A, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Fọ́ńtì wà nínú fáìlì náà, àmì ohùn orí orúkọ oníbàárà kò ní dàrú lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. PDF/A kì í gba password. Orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi password sí.

Bí iná bá lọ lójú iṣẹ́, fáìlì lè jẹ́ 0 KB, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó lọ sórí òmíràn. Bí ẹ bá sọ ímeèlì di PDF báyìí, ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn kì í bá a wọlé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́jú ìyẹn. Ìwé PDF tó ní digital signature, ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́rìí pé wọn ò yí ìwé náà padà, ńkọ́? Ẹ má tún un tẹ̀ rárá, ẹ̀rí inú ìbuwọ́lùwé náà á pòórá. Ẹ da fáìlì náà kọ bó ṣe wà. Excel pẹ̀lú: fọ́múlà tó ń ṣe ìṣirò inú rẹ̀ kì í lọ sínú PDF, ẹ pa méjèèjì mọ́.

Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard disk, ọ̀kan tí kò sí nínú ọ́fíìsì yẹn rárá. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ mú fáìlì márùn-ún nínú hard disk náà, ẹ ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.