Bá a ṣe ń gé ẹ̀ka igi lẹ́yìnkùlé láì pa igi náà

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ní mángòrò tàbí dongoyárò lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an o. Tí March bá ti wọlé tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá jà báyìí, ẹ̀ka á já lu páànù, òmíì á já lu wáyà iná, gbogbo èèyàn á wá máa pariwo pé igi yẹn ti di ewu, ẹ lọ pe oní-ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gégi kó wá bẹ́ ẹ lórí. Bíbẹ́ tí wọ́n ń bẹ́ ẹ lórí yẹn gan-an ló ń dá ewu sílẹ̀. Igi tí wọ́n bẹ́ lórí máa sáré yọ ẹ̀ka tuntun bẹẹrẹ yí ojú ọgbẹ́ ká, àmọ́ àwọn ẹ̀ka yẹn ò ta gbòǹgbò wọnú igi, ẹ̀bá èèpo lásán ni wọ́n dì mú, tó bá fi máa tó ọdún mẹ́ta mẹ́rin wọ́n ti ga wọ́n ti wúwo, abẹ́ wọn sì ti ń jẹrà, ìjì tí ò tó nǹkan á ya wọ́n lulẹ̀. Ẹ wá ti náwó tán, ewu tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àsìkò ká kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀ka tó ti kú tàbí tó ti ṣẹ́ tó ń rọ̀ dirodiro ò ní àsìkò kankan, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti rí i ni kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ ṣáà ti gé e tán kí March tó dé. Mángòrò tó ń so ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ gé e ní December tàbí January tó ń múra àtitanná, èso ọdún yẹn lẹ gé dànù yẹn. Ẹ jẹ́ kó so tán, kẹ́ ẹ ká a tán, tí òjò bá wá dá díẹ̀ nínú August, lásìkò tí ìlú ń múra ọdún Ọ̀ṣun yẹn, ìgbà yẹn ló dáa jù, torí igi á rí oṣù mélòó kan yọ ewé tuntun, ewé á sì ti gbó kó tó tún tanná. Dongoyárò àtàwọn igi ibòji yòókù, ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ló dáa fún wọn, kí òjò tó ń bọ̀ lè bá wọn bo ojú ọgbẹ́ kíá.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ jáde lára igi, ẹ máa rí i pé ibẹ̀ wú díẹ̀, èèpo rẹ̀ sì ṣẹ́po bí apá agbádá tí wọ́n ká sórí èjìká. Ọrùn ẹ̀ka nìyẹn. Ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti ara èèyàn, ohun tí igi máa ń ṣe ni pé ó máa mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká nínú, á wá máa yọ igi tuntun láti etí ọgbẹ́ títí tó fi máa bò ó mọ́lẹ̀, ọrùn yẹn ló sì ń lò láti fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá gé ọrùn mọ́ ẹ̀ka nítorí pé ẹ fẹ́ kó dán, ojú ọgbẹ́ á fẹ̀, igi ò sì ní lè bò ó bọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún ṣẹ́ kùkùté ẹ̀ka gígùn kù síbẹ̀, kùkùté yẹn á kú, á jẹrà, ikán á gbabẹ̀ wọlé. Ìta ọrùn báyìí, kó má jìnnà sí i, kó má jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ayùn lé.

Ẹ̀ka tó bá ti nípọn ju ínṣì 2 lọ, ẹ má gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí bó bá ṣe ń já ló ṣe máa bó èèpo igi wálẹ̀ gbàrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń gé e. Ẹ kọ́kọ́ lọ síwájú lórí ẹ̀ka, bíi fíìtì kan sí ara igi, kẹ́ ẹ fi ayùn gé e láti abẹ́ lọ sókè, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́rin, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ tún sún síwájú bí ínṣì 2 sí 3, kẹ́ ẹ wá gé e láti òkè wá sílẹ̀ títí tó fi máa já, bó bá tiẹ̀ fẹ́ ya èèpo, ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ gé lábẹ́ ló máa dá a dúró. Èyí tó kù tí ò wúwo mọ́ lẹ máa wá gé níta ọrùn. Àdá kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí o, àdá máa ń fọ́ igi ni, ẹ ra ayùn ọwọ́ tó mú, tẹ́ ẹ bá sì kúrò lórí igi kan tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ sórí òmíì, ẹ fi sípíríìtì nu ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ má kó àrùn ràn án. Oje mángòrò máa ń jó ara, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.

Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ má fi ọ̀dà kun ún, ẹ má fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò tì kun ún. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa kan ń ṣe é. Alex Shigo tó bá àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo inú ọgbẹ́ wọn, ohun tó sì rí ni pé nǹkan kíkùn yẹn ò dá ìjẹrà dúró. Bákan náà, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi lọ lọ́dún kan, ewé ló fi ń jẹun.

Àfòmọ́ ńkọ́? Ẹyẹ ló ń gbé kóró rẹ̀ kiri torí ó máa ń lẹ̀, tó bá ti hù sórí ọsàn tàbí obì, gbòǹgbò rẹ̀ á wọnú igi lọ, ìdí nìyẹn tí fífà á tu ò fi ṣiṣẹ́, á tún hù ni. Ẹ gé ẹ̀ka yẹn ní fíìtì kan sísàlẹ̀ ibi tó so mọ́, kẹ́ ẹ gé e kó tó so èso.

Ẹ̀ka tó bá ti sún mọ́ wáyà iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn oníná. Kódà tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un dé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì lè máa tì í padà sórí wáyà. Ẹ́ńjìnnì àti àkàbà ò bára wọn lọ rárá, ẹni tó bá dúró lórí àkàbà tó di ẹ́ńjìnnì mú, ikú ló ń pè. Iṣẹ́ tọ́wọ́ yín ò bá tó láti ilẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ okùn so, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó tó gòkè pé ẹ ò fẹ́ kó bẹ́ igi lórí.

Ìdí igi náà tún wà níbẹ̀. A máa ń gbálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi le koko, a ó wá kó ewé yẹn jọ sídìí igi kan náà, a ó ṣáná sí i. Iná yẹn ń pa èèpo ìdí igi, tí èèpo bá ti kú yí po, igi ti kú nìyẹn bó tilẹ̀ ṣì ní ewé lórí. Ẹ tẹ́ ewé yẹn sílẹ̀, kó nípọn tó ínṣì 3, kó má kan ara igi, òjò á sọ ọ́ di ajílẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun, ohun tó ń bọ́ àwọn igi ńláńlá ibẹ̀ nìyẹn, ewé tó bọ́ sílẹ̀ ń jẹrà síbi tó bọ́ sí. Igbó yẹn tó 75 hẹ́kítà, ìjọba ti kà á sí ohun àjogúnbá láti 1965, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àṣà, sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, nítorí náà ẹ̀yin tílé yín wà lẹ́bàá rẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka kan níbẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́gi ìdáná níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko igi gmelina tàbí tíìkì lẹ́yìn ìlú: èyí tó wọ́ àtèyí tí ò lágbára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé kúrò kí ìyókù lè rí oòrùn. Igi méjèèjì yìí máa ń hù padà láti ara kùkùté, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó hù padà, ẹ gé e mọ́lẹ̀ kí kùkùté rẹ̀ ga bí ínṣì 4 sí 6 nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kójú kùkùté dagun díẹ̀ kómi má dúró sí i, tó bá yọ ọmọ, ẹ fi 1 tàbí 2 tó lágbára jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìyókù dànù. Kí ọyẹ́ tó mú, ẹ ro àyíká oko yẹn mọ́ tónítóní, kó fẹ̀ tó fíìtì 10 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì kó koríko tẹ́ ẹ ro kúrò níbẹ̀, torí koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lójú ààlà yẹn gan-an ni iná ìgbẹ́ máa gbà kọjá.