Bí mo ṣe gbọ́ Messiah mẹ́ta láti bá àwọn ará ilé yan èyí tó yẹ wọ́n

Ní Kàbbà wa níbí àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun, ẹni tó bá ti wọ kúáyà rí mọ Messiah, orin kúáyà gígùn nípa Jésù tí Handel kọ, bí kò tiẹ̀ mọ̀ ju Hallelujah inú ẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ tonic solfa ló fi kọ́ ọ. Àmọ́ kéèyàn kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò ní kó ti jókòó gbọ́ ọ tán nílé rí. Àwa mélòó kan tá a fẹ́ràn irú orin yìí ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà níta wò, kí n sọ èyí téèyàn lè ná owó dátà lé lórí. Mo gbà, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí ọ̀pọ̀ rifíù tí mo ti kà, yàrá tó pa lọ́lọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ jókòó sí, níwájú spíkà olówó ńlá, bẹ́ẹ̀ nílé tiwa jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ọmọ ń sunkún, fóònù la sì fi ń gbọ́ orin.

Mẹ́ta péré ni mo mú. Handel kọ orin yìí ní 1741 láàárín nǹkan bí ọjọ́ 24, Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síta ní April 13, 1742, àmọ́ kò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, bí àwọn akọrin tó bá wà nílẹ̀ lọ́dún kan bá ṣe rí ló ṣe ń tún un ṣe, ó lè gba orin lọ́wọ́ sópúránò kó gbé e fún áàtò. Ìdí nìyẹn tí èèyàn méjì fi lè ra Messiah tí ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní bára mu tán, tí kò sì ní sí ayédèrú nínú méjèèjì. Mo mú èyí tí Thomas Beecham darí ní 1959, mo mú ti Colin Davis ti 1966, mo wá fi ti Christopher Hogwood tó jáde ní 1980 kún un, ìyẹn tẹ̀lé bí Handel ṣe ṣe é ní 1754 fún Foundling Hospital ní London, ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lè tọ́, torí ó máa ń fi orin yìí bá wọn kówó jọ.

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Mo mú ibi díẹ̀ nínú ẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léraléra, lórí fóònù lásán, lórí spíkà Bluetooth, nínú íápíìsì, àti lórí home theatre pálọ̀ nígbà tí iná bá wà. Ibi tó la ọ̀rọ̀ fún mi jù ni "Since by man came death". Kúáyà nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sí irinṣẹ́ kankan, wọ́n á rọra gbé e bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ á bú jáde, "by man came also the resurrection of the dead". Ẹ wò ó, orin gospel tá à ń gbọ́ lórí fóònù, ní stúdíò ni wọ́n ti gbé ohùn kékeré ẹ̀ sókè kó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ńlá dọ́gba, tẹ́ ẹ bá ti ṣètò fólúùmù lẹ́ẹ̀kan ó ti tán. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún classical, ohun tó bá kéré, wọ́n á jẹ́ kó kéré. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé, gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ò jáde rárá lórí spíkà, tí wọ́n bá sì pa á, ara mi á bù máṣọ. Mo wá kọ ọ́ sínú rifíù pé ibi tó bá pariwo jù nínú orin ni kẹ́ ẹ fi ṣètò fólúùmù, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ síbẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, íápíìsì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ ọ jàre, spíkà kékeré inú ẹ̀ ò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, gòjé ńlá tó ń gbé kúáyà dúró á kàn pòórá ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò rí kí rifíù kankan sọ fún irú wa, ọ̀rọ̀ kí (key) ni, ìyẹn ibi tí ohùn orin ga dé. Ti Hogwood, irinṣẹ́ bíi ti ayé Handel ni wọ́n lò, wọ́n sì so ó sílẹ̀, tí ohùn A fi ń gbọ̀n nígbà 415 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 440 tí kíbọ́ọ̀dù wa ń lò, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohùn kan. Hallelujah tí gbogbo wa mọ̀ sí kí D, á dún bíi Db. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀lé e nílé á rò pé nǹkan ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o, kó kàn gbé transpose sí -1, wọ́n á bára mu. Èyí tó wá dùn mọ́ mi ni pé ẹni tó fi solfa kọ́ orin kò ní wàhálà kankan, ibi tí doh bá wà ló máa bá a, arábìnrin kan tó ń kọ sópúránò lọ́dọ̀ wa tiẹ̀ bá a kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkè tó máa ń le fún mi yẹn, tòní ò le." Kúáyà inú ẹ̀, ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin ni, ohùn wọn mọ́ tónítóní, Emma Kirkby tó ń kọ sópúránò náà wà níbẹ̀, kì í gbọn ohùn púpọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ máa gbọ́.

Ti Beecham jìnnà sí ìyẹn pátápátá. Orchestra ńlá, Eugene Goossens ló tún irinṣẹ́ ẹ̀ tò fún un, wọ́n ń lu símbálì nínú Hallelujah, ohun tí Handel ò kọ sínú ẹ̀ rárá. Àwọn tó mọ̀wé orin máa ń bínú sí i. Èmi ò lè bínú sí i. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wá kí wa nígbà tí mò ń fi home theatre gbọ́ ọ, bí símbálì yẹn ṣe dún báyìí ni wọ́n dìde dúró, wọn ò jókòó títí ó fi parí, mo kọ ìyẹn náà sínú rifíù torí ó wà lára ohun tí orin yẹn lè ṣe nínú ilé.

Ní ti dátà, MP3 128 (iye kilobit tí orin ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn) ń gbà tó MB kan ní ìṣẹ́jú kan, Messiah sì lé ní wákàtí méjì, ẹ fi nǹkan bíi 140MB sọ́kàn. FLAC, fáìlì tí kò gé ohùn kankan kúrò, lè tó ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Lórí spíkà Bluetooth mi, etí mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Nínú íápíìsì tó dáa, harpsichord, irinṣẹ́ àtijọ́ tó jọ dùùrù, ló fi hàn, ó há díẹ̀ nínú 128, nítorí náà ẹni tó bá ní íápíìsì gidi kó lọ gba 320.

Ìdájọ́ tí mo kọ: ẹni tó bá máa ra ẹyọ kan, kó mú ti Davis. 440 ni, kíbọ́ọ̀dù bá a mu, kúáyà ẹ̀ ò pọ̀ jù, ó yára níbi tó yẹ kó yára, ó sì dún dáadáa lórí gbogbo ohun tí mo fi gbọ́ ọ. Ti Hogwood, lóru, nínú íápíìsì. Ti Beecham, ọjọ́ Kérésì tí àlejò bá kún ilé.

Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún àwọn àgbà tí kì í lò ó. Bàbá kan láti Ìsánlú ló kọ́kọ́ fèsì: "Ọ̀kun o, àbúrò. Ti Sowande wa ńkọ́?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin, tí wọ́n bí ní 1905, African Suite ẹ̀ ti 1944, orin olókùn ni pẹ̀lú háàpù, apá márùn-ún, kò gùn, dátà ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Òun ni mo ti gbé sórí spíkà báyìí, látorí Akinla, apá tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan ò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.