Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Èrò Wa Nígbà Tí Káńsù Bá Fẹ́ Tún Gbọ̀ngàn Ìlú Ṣe Tàbí Wó O

Bí káńsù bá ní kí ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí gbọ̀ngàn tó ti gbó, ẹ má ṣe gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo ti rí ìpàdé tí àwọn àgbà ti fi gbogbo ọkàn bẹ̀bẹ̀ fún ilé, tí kò sì sí gbólóhùn kan nínú ìwé ìpàdé tó gbé ẹ̀bẹ̀ wọn. Ìwé ni kí ẹ kọ.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wọ inú ilé náà lẹ́yìn òjò. Ẹni tó ń wo àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí n'Ìbàdàn ní 1929, láti ìsàlẹ̀ òkè kò lè mọ̀ bí òrùlé bá ń jò. Fọ́tò fóònù ti tó. Ẹ fi báírò sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Ibi tí ògiri bá ti là ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wó ilé á ní yóò wó pa wá. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní kò sí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó wọn ohunkóhun nínú wọn. Lílà òmíràn kò kọjá sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri. Òmíràn ti ìpìlẹ̀ wá.

Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ibi tó là, kí ẹ kọ déètì sí i. Ẹ má lo ṣọ́ọ̀kì, òjò á fọ̀ ọ́ dànù. Lẹ́yìn ìgbà òjò, ẹ padà lọ wò ó. Bó bá ti kọjá àmì, ògiri ṣì ń rìn. Kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n wó o o! Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n pe ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí. Ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe dájọ́ bí ẹnjiníà.

Bí wọ́n bá ní ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ béèrè fún àbọ̀ rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ béèrè iye owó àtúnṣe àti ti ilé tuntun pọ̀, pẹ̀lú owó wíwó àti owó ibi tí òṣìṣẹ́ máa lò títí iṣẹ́ á fi parí. Owó méjì yìí ni wọ́n máa ń fo.

Ẹ má fọkàn balẹ̀ pé orúkọ ilé wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinubu Square, l'Ékòó, wà nínú àkọsílẹ̀ náà láti 1956. Wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ẹ tètè kọ̀wé sí àjọ tó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà.

Ojú ìwé kan ti tó, ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ ni kó wà lókè. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí tiyín. Èmi kì í fi WhatsApp ránṣẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ náà dání, ẹ ka ìlà òkè yẹn díẹ̀díẹ̀, kí akọ̀wé lè rí i kọ.