Bí A Ṣe Ń Díye Lé Ilé àti Bí A Ṣe Ń Múra Rẹ̀ Sílẹ̀ fún Títà ní Ilẹ̀ Okun

Ẹni tó fẹ́ ta ilé ní Kàbà, Mopa, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí owó tó ti ná: iye àpò sìmẹ́ǹtì, iye ìdì páànù, owó bíríkìlà àti ti káfíńtà. Èyí kò kan ẹni tó fẹ́ rà á. Ohun tí onítọ̀hún ń rà ni ilé tó wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹnikẹ́ni kò ní wá lé e jáde lẹ́yìn ọ̀la. Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ múra kí ẹ tó ra ọ̀dà.

Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìpíngún jẹ́ ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè tà á, ì báà jẹ́ òun ló pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́ pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba àṣẹ olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí kóòtù wọ́gi lé e. Ẹ wá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà ní Èkó, Àbújá àti Kàdúná kàn, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé kan náà. Lábẹ́ òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978, ẹni tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀) láti ọ̀dọ̀ gómìnà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kó tó tà á, Lọ́kọ́jà sì ni ìwé náà ń lọ.

Ní ti iye, ẹ wádìí iye tí wọ́n ta ilé tó jọ tiyín ládùúgbò kan náà láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe iye tí onílé pè ni kí ẹ béèrè, iye tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gan-an ni. Níbi tí ilé títà kò bá ti pọ̀, ẹ ṣírò iye ilẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi owó tí wọn yóò fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí kún un, kí ẹ sì yọ owó ogbó, ìyẹn iye tí ọjọ́ orí ilé náà ti dín kù, kúrò níbẹ̀. Ilé tó bá wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kàbà tàbí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ lè tètè rí ayálégbé, ó sì yẹ kí èyí hàn nínú iye rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà, ṣùgbọ́n kó má pọ̀ jù: ilé tó bá pẹ́ lórí àtẹ ní ìlú kékeré, àbùkù ni gbogbo ènìyàn máa ń wá sí i lára.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó sí. Ẹni tó mọ ilé rà kì í wo ọ̀dà; àjà ló ń gbójú sókè wò, bó bá sì rí àbàwọ́n omi níbẹ̀, ó ti ń yọ owó kúrò lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má kun ọ̀dà bo àbàwọ́n náà, nítorí òjò àkọ́rọ̀ ni yóò tú àṣírí yín. Ẹ dí páànù kí ẹ tó pààrọ̀ àjà.

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ jẹ́ ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ẹ fi ìka kan ògiri: ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò lára amọ̀ níbẹ̀, ẹ ha á kúrò kí ẹ tún un rẹ́. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn wò bóyá ikán ti dé ibẹ̀. Ní tèmi, kò sí ìdí láti lẹ táìlì tuntun.

Bí kànga yín kì í bá gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ mú oníbàárà wá, kí ó fa omi fúnra rẹ̀. Bó bá ń gbẹ, ẹ sọ ọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé títà. Owó gbọ́dọ̀ gba báńkì, nítorí òfin ọdún 2022 tó ń gbógun ti owó èrú kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ lọ́wọ́ sọ́wọ́. Ẹ san gbèsè iná mànàmáná kí ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ fún un.