Bí A Ṣe Ń Tún Àlàfo Ìlà àti Àyọlò Ṣe Nínú Ímeèlì

Ẹni tó bá ti da àdírẹ́sì kọ láti inú Word sínú ímeèlì rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ìlà mẹ́rin tó yẹ kó sún mọ́ra máa ń jìnnà síra bí àwọn tó ń bínú síra wọn. Ohun tó fà á ni pé gbogbo ìgbà tí a bá tẹ Enter ni Word ń ka ìlà náà sí odindi ìpínrọ̀, ó sì máa ń fi àlàfo póìǹtì 8 sẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àlàfo yìí ló ń bá ọ̀rọ̀ wọnú ímeèlì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlà tẹ̀lé ara wọn tímọ́tímọ́, ẹ di Shift mú kí ẹ tó tẹ Enter:

Alága Ẹgbẹ́,
Gbọ̀ngàn Ìlú,
Abẹ́òkúta.

Nínú Thunderbird, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan tí a fi ń kọ ímeèlì, ẹ tún lè yí "Paragraph" padà sí "Body Text" lókè ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ dà kọ láti ibòmíràn, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti V papọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Gmail. Ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò wọlé. Àwọ̀, ìwọ̀n lẹ́tà àti àlàfo yóò dúró sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ẹ gé e kúrò, kí ẹ tún un lẹ̀ lọ́nà yìí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí yóò jẹ àmì ohùn run, ṣùgbọ́n ara lẹ́tà ni àmì wà bí a bá fi kíbọọ̀dù Yorùbá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí yóò pàdánù ni ẹni tó kọ "o" lásán, tó wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ dípò "ọ", nítorí ìlà náà yóò ṣí kúrò, ọkọ yóò sì di oko.

Àyọlò ló ń fẹ́ sùúrù jù. Gmail máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń dá lóhùn pamọ́ sábẹ́ àmì ìdánudúró mẹ́ta (...). Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tí èsì yín kò kàn rẹ́. Nínú Thunderbird, ẹ fa àwọ̀ sórí gbólóhùn tí ẹ fẹ́ dáhùn kí ẹ tó tẹ Reply, òun nìkan ni yóò sì bá yín lọ. Bí ìbéèrè bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sábẹ́ tirẹ̀ (àmì tó wà níwájú ìlà ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń dá lóhùn ni):

> Ṣé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní aago 4 ìrọ̀lẹ́.

> Ta ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Akọ̀wé ni.

Ẹ má ṣe gbàgbé ìlà òfìfo láàárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí.

Nínú ímeèlì tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ìlà lè ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ìlànà ímeèlì ti ọdún 2008 dábàá pé kí ìlà kan má ṣe ju àmì 78 lọ (lẹ́tà àti àlàfo wà lára wọn), ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá dáhùn ni àmì > mìíràn ń wọlé, títí ìlà yóò fi gùn kọjá ààlà, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò sì já sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Nínú Thunderbird, ẹ fa àwọ̀ sórí àyọlò náà, kí ẹ tẹ Ctrl àti R, yóò sì tún ìlà wọ̀nyẹn tò.