Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọwọ̀n Ìrántí Fún Àwọn Sójà Tó Bógun Lọ

Bí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó láti kọ́ ohun ìrántí fún àwọn sójà tó kú, ayàwòrán ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ránṣẹ́ sí. Á mú àwòrán ọlọ́dà wá: sójà onídẹ tó gbé ìbọn léjìká, omi tó ń tú sókè, àsíá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, owó ti tán, òkúta ti dé, ẹnikẹ́ni ò sì tíì kọ orúkọ ẹyọ kan sílẹ̀. Èmi náà ti bá wọn ṣe akọ̀wé nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń to iṣẹ́ náà ní òdì kejì: orúkọ ṣáájú, òkúta kẹ́yìn. Yálà ti gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ fẹ́ kọ́, yálà ti ìlú kan péré, iṣẹ́ kan náà ni. Bí orúkọ ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀.

Ilẹ̀, ìwé àṣẹ àti owó

Èyí ò le. Ti ìlú, ìwé ilẹ̀ àti àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ti tó. Ti orílẹ̀-èdè, ẹ óò dé ilé aṣòfin. Ẹ má rò pé dandan ni kí ìjọba ná owó sí i kó tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Ògiri àwọn tó kú lógun Vietnam, èyí tó wà ní Washington, sójà kan tó tojú ogun dé, Jan Scruggs, ló dá a sílẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ilẹ̀ lọ́dún 1980, àwọn aráàlú ló dá owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá ọdún 1982, wọ́n ti ṣí i.

Ní ti ibi tí ẹ óò kọ́ ọ sí, ẹ rántí Sójà Ìdúmọ̀tà, ère ìrántí ogun kan l'Ékòó. Àárín ọjà àti ọkọ̀ ló wà, títí wọ́n fi gbé e kúrò. Ibi tí èèyàn ti lè dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí dánfó tó ń fọn fèrè sí i létí ni kẹ́ ẹ wá.

Ta ni ká kọ, ta ni ká má kọ?

Ẹ kọ òfin yìí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá orúkọ kankan, kí gbogbo ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó kú sílé ìwòsàn lọ́dún kejì ńkọ́? Ẹni tí ọkọ̀ dànù pa kó tó dójú ogun ńkọ́? Alágbàrù ńkọ́, tó fi orí ru ọta àti oúnjẹ fún sójà, tí ìgbẹ́ ọ̀rìn sì pa á? Ní Nàìjíríà, ìbéèrè tó le jù ni ti ogun abẹ́lé: ṣé àwọn tó jà fún Bíáfrà wà níbẹ̀ àbí wọn ò sí níbẹ̀? Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní tí a fi ń rántí àwọn sójà wa, ọjọ́ tí ogun yẹn parí lọ́dún 1970 ni, nítorí náà ẹ kò lè yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ẹ dáhùn rẹ̀ ní gbangba. Ní tèmi, ẹni tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun, tàbí tí iṣẹ́ ogun pa, orúkọ rẹ̀ wọlé. N kì í béèrè bóyá ó ru ìbọn tàbí ó ru ẹrù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba "àfi" kankan láàyè. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun fún Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1917, ní òfin tó dára: ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, dúdú àti funfun, òkúta kan náà, kí orúkọ kálukú sì wà níbẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà tó kú nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ó kéré tán, 116,000 ni wọn ò dárúkọ wọn, wọ́n sì lè má rántí àwọn mìíràn rárá. Òfin wà nílẹ̀ o. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ló fi "àfi" kún un.

Orúkọ: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ẹ gba àkọsílẹ̀ ti àwọn ológun, kẹ́ ẹ dà á kọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń wọṣẹ́ sójà láyé òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ wọn bá ogun àgbáyé kejì lọ sí Bọ́mà ní ilẹ̀ Éṣíà, akọ̀wé á béèrè orúkọ, á béèrè ìlú, á sì so méjèèjì pọ̀. Bí èèyàn ṣe di Lawani Ibadan nìyẹn, tàbí Raji Ogbomosho, tàbí Bello Ilorin. Bello Ilorin lè jẹ́ mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà, àfi nọ́ńbà wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má kọ orúkọ kankan láìkọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn sá fún bàbá wọn lọ wọṣẹ́, orúkọ ọ̀rẹ́ ni wọ́n dá. Àwọn mìíràn dárúkọ dáadáa, etí òyìnbó ni ò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́jọ́ tí a ṣí ọwọ̀n ìlú kan, ìyá àgbàlagbà kan wá. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára òkúta. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka orúkọ látòkè délẹ̀, ó tún un kà, kò rí i. Ọ̀kan nínú wa bá fi ìka sí orúkọ kan, irú èyí tí ìlú wà nídìí rẹ̀ yẹn, ó ní, "Màmá, àwọn nìyí." Ìyá ní, "Àkànní là ń pè é. Kò jẹ́ ìyẹn rí." Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó ṣófo nísàlẹ̀ òkúta, kò sì gbé e kúrò títí àwọn onílù fi dákẹ́. Ọdún mẹ́ta la fi kó owó òkúta yẹn jọ. Ẹnikẹ́ni ò ya agboolé wọn rí láti béèrè.

Nítorí náà, ìwé ni mo máa ń lò, ìwé olójú-ewé ọgọ́rin, tí mo fi rúlà fa ìlà méje sí: nọ́ńbà, orúkọ sójà, orúkọ ilé, oríkì, agboolé, ibi tó kú sí, ẹni tó sọ fún mi. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ. Ó dìgbà tí ẹni méjì láti agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá jẹ́rìí sí i kí n tó fi báírò tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú Excel bílẹ̀ bá ṣú, kò burú. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà wọ agboolé o. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní ìjọba fẹ́ sanwó, òkú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i.

Ọ̀dọ̀ obìnrin ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin á sọ ìtàn ogun fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ló mọ orúkọ. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ náà sínú fóònù yín, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi àmì sí i. Òjó kì í ṣe Ọjọ́. Bẹ́ ẹ bá sì kọ Ọ̀ṣọ́ láìfi àmì kankan sí i, ẹlòmíràn á kà á sí oṣó, ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹlẹ́gbẹ́ àwọn àgbà òru lórí òkúta tí kì í jẹrà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ wò, ẹ wo ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ìrìbọmi àti ti mọ́ṣáláṣí.

Bí àkọsílẹ̀ bá ti gún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ fi okùn so báírò pupa mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta gbáko. Àwọn kan á ní ó pẹ́ jù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ tó kéré lówó jù nìyí, òun ló sì ń gbani lọ́wọ́ ìtìjú. Orúkọ àwọn kan tó ṣì wà láàyè wọ ara ògiri Washington nítorí àṣìṣe akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní owó.

Ní ti títò wọn, ẹ yọ oyè kúrò. Bẹ́ ẹ bá tò ó ní A, B, D, odindi ògiri kan á jẹ́ Adé. Ní Washington, ọjọ́ ikú ni wọ́n tẹ̀lé, torí àwọn tó ń jẹ́ Smith nìkan lé ní ẹgbẹ̀ta. Ìwé atọ́ka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ẹni tó bá ń wá èèyàn rẹ̀. Èmi máa ń tẹ̀lé ọjọ́ ikú. Bí a kò bá mọ ọjọ́, mo máa ń fi agboolé tò ó.

Àwòrán

Ó wá kù kẹ́ ẹ pe ayàwòrán. Ẹ polongo ìdíje, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà bo orúkọ àwọn tó kópa. Àwòrán 1,421 ló wọlé fún ti Washington, ọmọ ilé ìwé Yale kan, Maya Lin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló gbégbá orókè. Ká ní wọ́n wo orúkọ ni, mo lérò pé wọn ò ní mú un.

Ẹ fi páákó ṣe é wò kẹ́ ẹ tó ra òkúta, kó ga bí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ gan-an. Ibojì òfìfo tó wà ní London, ọwọ̀n ìrántí ogun tí wọ́n ń pè ní Cenotaph, tí ayàwòrán ilé kan, Lutyens, yà, igi àti pílásítà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é lọ́dún 1919, nítorí ayẹyẹ ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó òdòdó síbẹ̀, wọn ò dáwọ́ dúró, ni ìjọba bá fi òkúta tún un kọ́ lọ́dún 1920. Ti páákó yín, ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ẹ wo ibi tí àgbàlagbà ti ń fara ti, ẹ wo apá ibi tí oòrùn ti ń bọ́ sí ojú ẹni tó ń kàwé.

Òkúta àti gbígbẹ́

Mábù Ìgbẹ́tì dára nínú ilé. Níta, òjò àti èéfín á jẹ lẹ́tà rẹ̀. Gíráńáìtì dúdú tí wọ́n ti dán ni kẹ́ ẹ lò: ibi tí wọ́n bá gbẹ́ á funfun fúnra rẹ̀, kò nílò ọ̀dà. Bówó ò bá tó, ẹ fi kọnkéré mọ gbogbo ìyókù, kí ojú orúkọ nìkan jẹ́ gíráńáìtì. Ẹ má lo lẹ́tà idẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Àwọn tó ń ra páńtí irin á ti kó o lọ kí oṣù tó parí.

Lẹ́tà Washington ga ní ìdajì íǹṣì ó lé díẹ̀. Ti Yorùbá kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì kan, nítorí àmì. Kí àyè tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì ga tó lẹ́tà fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì òkè ti ìlà kejì á kọlu àmì ìsàlẹ̀ ti ìlà kìíní, èyí tó máa ń wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí wọ́n bá lẹ rọ́bà mọ́ òkúta tí wọ́n ń ṣí lẹ́tà kúrò kí ẹ̀rọ tó fẹ́ iyanrìn sí i, àmì ìsàlẹ̀ yẹn ni ọmọ iṣẹ́ máa ń gbàgbé láti ṣí. Èmi máa ń mú abẹ́rẹ́ dání lọ, mo máa ń fi tọ́ àmì ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí ohun tí a fi ń pa gíráńáìtì rẹ́.

Ọjọ́ ṣíṣí àti ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ ka gbogbo orúkọ sókè kí olóṣèlú kankan tó gba gbohùngbohùn. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta orúkọ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Kẹ́ ẹ sì fi ìdá mẹ́wàá òkúta sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ṣì ń kọ orúkọ kún ti Washington títí di òní. Nínú èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àyè yẹn la kọ Àkànní sí, tòun ti agboolé rẹ̀, lóṣù kẹrin.

Ẹ ṣètò owó ẹni tí á máa fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, omi, ọṣẹ díẹ̀. Kó má fi bíléèṣì kàn án, kó má sì fi ọ̀bẹ ha ìdọ̀tí ẹyẹlé kúrò nínú lẹ́tà.